Ṣójà Etí Omi Kejì

Àsàmáù, ìyá Sakinah, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Aṣọ ni àwa méjèèjì ń tà lọ́jà Ndogbong ní ìlú Douala, ṣọ́ọ̀bù wa sì kan ara wọn. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 2005 ni ọlọ́pàá méjì dá ọkọ òun, Alhaji Bàdámọ́sí, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn bó ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀.

"Ṣé ìwọ ni bàbá Sakinah Bàdámọ́sí?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe ọmọ mi?"

"Ó ṣe géèmù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń yìnbọn pa ṣójà ilẹ̀ wa. Carte de séjour, káàdì ìgbélùú rẹ dà? Mú un wá, ká máa lọ."

Àsàmáù ní ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu òun. Sakinah kẹ̀? Sakinah tí kì í lè dúró wo ẹni tó ń pa adìyẹ? Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tí ọlọ́pàá gba káàdì náà, tó sì tì í bọ àpò ara rẹ̀, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà ń fa ilẹ̀ Bakassi tó wà láàlà wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà yẹn. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kan ní Douala tí ẹ̀rù kì í bà láti rìn láìsí káàdì yẹn lápò.

Sakinah wà nílé ẹ̀kọ́ ní gbogbo àkókò yìí, kò mọ nǹkan kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Douala ni wọ́n bí i sí, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá nínú àwòrán yíyà. Tí wọ́n bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, òun àti Boris, ọmọ kíláàsì rẹ̀, á lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní síbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ tó ń ṣe géèmù ọ̀fẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ náà lè mú géèmù ẹlòmíì, kó wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó tún un ṣe bó ṣe fẹ́, kó sì pín tirẹ̀ náà fáyé.

Òfin kan ṣoṣo ni wọn kì í fi ṣeré. Iṣẹ́ tó bá parí ni wọ́n ń gbé síta. Èyí tí kò bá tíì parí á wà ní yàrá inú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀rọ̀ ìwọlé yàrá náà kò sì gbọdọ̀ dé etí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́.

Boris máa ń sọ ọ́ pé, "Tó bá parí, gbogbo ayé ló ni ín. Kó tó parí, àwa la ni ín. Ẹni tó bá rí i báyìí, nǹkan mìíràn ló máa rí."

Òótọ́ ló sọ. Nínú géèmù wọn, ọmọbìnrin kan gbé ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ó fẹ́ gba omi ààlà kọjá gbé e dé ọsibítù. Ṣójà gbọ́dọ̀ wà ní etí omi méjèèjì, ti Kamẹrúùnù lápá kan, ti Nàìjíríà lápá kejì. Ọmọ náà á máa bẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n inú géèmù ogun kan tó ti pẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́, wọn kò sì tíì mú ìbọn kúrò nínú rẹ̀. Sakinah ti ya ṣójà Kamẹrúùnù, nítorí ojoojúmọ́ ló ń rí wọn ládùúgbò. Kò rí ṣójà Nàìjíríà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ń dúró de fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣèlérí pé òun á fi ránṣẹ́ láti Ìwó. Nítorí náà etí omi kejì ṣófo.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni Aurélien, tí gbogbo kíláàsì máa ń tẹ̀ lé, pè é láti ẹ̀yìn ní orúkọ tí wọ́n fi ń bú ọmọ Nàìjíríà.

"La Biafraise! Géèmù rẹ dà? Àbí ojú oorun lo ti ń ṣe é?"

Ẹ̀rín gba kíláàsì kan.

"Ó ku díẹ̀," ni Sakinah wí.

"Ó ti ń ku díẹ̀ láti ọdún tó kọjá! Ẹ̀yin ọmọ Nàìjá, ẹnu yín nìkan ló ń ṣiṣẹ́."

Nígbà tí wọ́n jáde, Aurélien tún wá bá a, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Jẹ́ n wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá dáa, èmi fúnra mi á sọ fún wọn pé mo jẹ̀bi rẹ."

Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dún létí Sakinah. Ó mú báírò, ó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ẹ̀yìn ọwọ́ Aurélien.

Kó tó di Ọjọ́bọ̀, géèmù náà ti dé gbogbo síbà títí dé àdúgbò Logbaba. Aurélien ti dà á sórí síídì, ó ń pín in kiri. Àwọn ọmọ ń yìnbọn láti inú ọkọ̀ náà, ṣójà Kamẹrúùnù ń ṣubú, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Ojú àkọ́kọ́ géèmù náà sì sọ ọ́ gbangba: *Sakinah Bàdámọ́sí ló ya àwòrán yìí.* Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ àgbà jẹ́ ṣójà ní Bakassi wọlé bá ọmọ rẹ̀ kékeré nídìí eré náà. Ó figbe ta. Òun ló gbé síídì náà lọ fún ọlọ́pàá.

Nígbà tí Àsàmáù sáré dé ilé ẹ̀kọ́, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Sakinah kò kọ́kọ́ sunkún. Ó lọ tààrà bá Aurélien.

"Mo sọ fún ọ pé kò tíì parí!"

"Ṣebí ọ̀fẹ́ ni?" ni Aurélien dáhùn. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní gbogbo ayé ló ni ín?"

Boris dúró nítòsí, ó gbọ́. Ó yíjú sí Sakinah. "Ìwọ lo fún un?"

"Èmi ni. Boris, dákun, bàbá mi wà lọ́dọ̀ wọn. Ìwé iṣẹ́ wa nìkan ló lè gbà á sílẹ̀."

Inú ìwé yẹn, tó wà ní yàrá inú, ni oníkálukú wọn ti ń kọ ohun tó ṣe lóòjọ́ àti ohun tó kù, pẹ̀lú déètì. Boris ti apá tirẹ̀ pa. Sakinah kò kà á rí. Boris lọ sí síbà, ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí bébà, tiẹ̀ náà pẹ̀lú.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Alhaji Bàdámọ́sí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fìlà rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá wọ awò ojú, ó ń ka bébà náà sókè níwájú Sakinah àti Boris bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó ka ti Sakinah: ṣójà Nàìjíríà kù, mò ń dúró de fọ́tò. Ó wá kan ti Boris.

"'Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Kí a yọ ìbọn kúrò níbí. Ibí ni màmá mi kú sí. Ọdún 1998 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ṣójà dá ọkọ̀ wa dúró. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò jẹ́ ká kọjá. Òjò pọ̀, mi ò rí aṣọ wọn dáadáa, mi ò mọ̀ bóyá tiwa ni tàbí tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ṣójà fi gbọ́dọ̀ wà ní etí omi méjèèjì. Nínú géèmù, kí wọ́n jẹ́ kó kọjá.'"

Sakinah yíjú sí Boris. Ọdún kan gbáko ló ti ń ya ìyá aláìsàn yẹn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Boris ní kó ya àpá kékeré sí àgbọ̀n ìyá náà, ìtàn lásán ló rò pé ó jẹ́.

Ọ̀gá ọlọ́pàá bọ́ awò rẹ̀. "Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá," ni Boris dáhùn.

Ọkùnrin náà ti káàdì sọ́dọ̀ Alhaji. "Mọ̀ṣíọ̀, ẹ máa lọ sílé."

Bí wọ́n ṣe jáde sójú títì, Alhaji kọjú sí ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. "Sakinah, Aurélien ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún un. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin méjì jọ ń ṣe, ìwọ nìkan kò láṣẹ láti fi í hàn kó tó parí. O fẹ́ kí ẹ̀rín kíláàsì dáwọ́ dúró. Wo ohun tó ná ẹlòmíì."

Sakinah kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí ilẹ̀. "Boris, jọ̀ọ́. A lè parí ẹ̀. Mo máa ya ṣójà kejì lónìí yìí."

Boris mi orí. "Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ìtàn yìí lẹ́yìn tí ṣójà bá ti jẹ́ kí màmá mi kọjá nínú géèmù," ni ó wí. "Ní báyìí, gbogbo ìlú ti yìnbọn nínú ọkọ̀ rẹ̀."

Alhaji fẹ́ di Boris mú léjìká láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Boris rọra yọ èjìká rẹ̀. Takisí kan dúró, àwọn èrò inú rẹ̀ sún mọ́ra kí àyè lè gbà á. Sakinah pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Boris wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níwájú títí takisí náà fi yà ní ìkòríta.