Ta Ni Yóò Máa Pa Iná Àdúgbò Wa?

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń kó búrẹ́dì gbígbóná jáde nínú ààrò láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wọlé dé. Irin ló ń jó jẹun, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ajórin.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ gbé iṣẹ́ panápaná fún kọ́ńpìnnì aládàáni? Wọ́n ní kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn ní gbọ̀ngàn ìjọba lọ́jọ́bọ̀."

"Ṣé ìyẹn dáa?"

"Ó dáa ju dáadáa lọ. Ẹ wo àwọn akólẹ̀kódọ̀tí. Nígbà tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ṣé imú wa sinmi? Láti ìgbà tí kọ́ńpìnnì ti gbà á, ẹ wo bí ojú títì ṣe mọ́. Kí wọ́n kó ìyókù fún wọn, kí kálukú sinmi."

Ìyá Oníbúrẹ́dì rò ó wò. Òótọ́ ni pé àdúgbò ti mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lòun yóò wí bí òun bá dé gbọ̀ngàn.

Kò pẹ́ sí i ni iná sọ ní ìsọ̀ Alága. Alága yìí kì í ṣe olórí ẹgbẹ́ kankan o, àga aláfóòmù ló ń ṣe, ìsọ̀ rẹ̀ sì fara ti ilé búrẹ́dì. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, èéfín dúdú ti bo gbogbo ọ̀nà.

Yàrá òkè ilé búrẹ́dì ni ìyá àgbà, ìyá tó bí Ìyá Oníbúrẹ́dì, dùbúlẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọmọ rẹ̀ sáré dé ìdí àtẹ̀gùn, èéfín dá a padà. Ó tún gbìyànjú, ikọ́ ò jẹ́. Ajórin ti pe àwọn panápaná lórí fóònù. Ó wá ń bu omi sí iná títí apá rẹ̀ fi kú, àfi bíi pé epo ló ń bù sí i.

Ọkọ̀ panápaná dé. Kò sẹ́ni tó bèèrè onílé, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó sanwó. Àwọn kan dojú omi kọ ìsọ̀ Alága, àwọn méjì gba inú èéfín gòkè. Nígbà tí wọ́n máa jáde, ọ̀kan pọn ìyá àgbà sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́.

"Rọra o, ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pọ̀n mí gbẹ̀yìn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òun, Ajórin àti Alága gbé búrẹ́dì lọ sí ọ́fíìsì àwọn panápaná. Ó kúnlẹ̀ fún ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀. Ọ̀gá yára fà á dìde.

"Ẹ dìde, màmá. Iṣẹ́ wa ni."

"Iṣẹ́ yín ni, àmọ́ ìyá mi ni. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́."

Nígbà tí ọpẹ́ tán, Ajórin họ orí. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ò rò pé kọ́ńpìnnì lè ṣe é ju báyìí lọ?"

Ọ̀gá ò fajú ro. "Ìbéèrè tó yẹ ni. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọkọ̀ wa ti gbó, a sì máa ń pẹ́ nígbà míì. Bí kọ́ńpìnnì bá lè máa bá wa tún ọkọ̀ ṣe, inú mi á dùn. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ò kúrò lónìí lè kúrò lọ́la. Iná kì í dúró dọ̀la. Ká ní ẹni tó bá san àsansílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn, ṣé Alága á ti san?"

"Èmi?" Alága rẹ́rìn-ín. "Èmi tó jẹ́ pé àga oníbàárà ni mò ń sùn lé."

"Bí wọn ò bá wá pa tiẹ̀, kí ni yóò dá iná náà dúró kó má kàn yín? Iná ò mọ ògiri ẹni tó sanwó."

Ajórin sún mọ́ ọ̀gá. "Kí wá ni ká sọ lọ́jọ́bọ̀?"

"Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣé tolówó tòtòṣì ni wọn yóò máa dá lóhùn? Ta ni yóò dá iye owó? Bí wọn ò bá ṣe é re, ta la ó fẹjọ́ sùn, ṣé ìjọba sì lè gbà á padà? Àwọn akólẹ̀kódọ̀tí yẹn ń ṣe dáadáa nítorí pé àdéhùn wọn wà ní gbangba, ìjọba sì ń bu ìtanràn lé wọn bí wọn ò bá dé."

Lọ́jọ́bọ̀, Ajórin ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó bèèrè gbogbo rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde.

"Mi ò mọ ìṣirò ìjọba," ló wí. "Ọpẹ́ ni mo bá wá. Ìyá mi jẹun láàárọ̀ yìí. Ohunkóhun tí ẹ bá máa ṣe, ẹ jẹ́ kí ìyá ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ náà lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí iná bá jó."

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn àpérò náà, ìjọba kéde pé iná pípa yóò wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Títún ọkọ̀ ṣe ni kọ́ńpìnnì yóò gbà, àdéhùn rẹ̀ yóò sì wà níbi tí ará ìlú ti lè kà á. Ìyá àgbà ní kí wọ́n bá òun kí ọmọ tó pọn òun.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ọ̀nà, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ìjọba ni kò ṣeé gbé fún aládàáni, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gbé fún wọn. Ẹ má kàn gbè sẹ́yìn ẹni tó ń pariwo jù. Ẹ bèèrè ẹni tí iṣẹ́ náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iye tí yóò ná an, àti ẹni tí yóò dáhùn bí ó bá bàjẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn yín, kí ẹ sì sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Bí wọ́n bá sì pe àpérò, ẹ lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.