Ọ́ìlì Dúdú Lára Ìfura

Bọ̀ọ̀dá Gbádé, àbúrò bàbá mi, gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì dúdú kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ní kí n yéé sọ ara mi di ẹrú ajá. Ọ́ìlì tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni, ó nípọn, ó sì ń rùn.

"Fi pa á lára lẹ́ẹ̀kan péré," ó ní. "Tó bá máa fi di Mọ́ńdè, awọ rẹ̀ á ti dán. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n."

Èmi Jẹ́jẹ́lọlá, tí mò ń gba ipò kìíní nínú báyọ́lọ́jì, gba ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì gbọ́ lórí àìsàn ajá. Títí di òní tí mò ń sọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi sí ara mi.

Ìfura ni orúkọ ajá náà, abo ni, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Màmá, ìyá bàbá mi, ló ni ín. Etí Màmá ti di láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fún epo lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlútítun. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, Ìfura á lọ fi ẹnu fa etí ìró Màmá títí Màmá á fi dìde. Bí epo orí iná bá fẹ́ ru jù, ohun kan náà ni. Ẹni tó bá pè é ní ajá lásán kò mọ ohun tó ń sọ.

Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn dé. Irun rẹ̀ ń já, ara ń yún un títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, oríkèé ẹsẹ̀ ń ro ó, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì funfun. Dókítà Aníwúrà, obìnrin tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn ní Òkìtìpupa, fún wa ní oògùn tí a ó máa pò mọ́ omi fi wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, àti hóró kan tí a ó máa fi pamọ́ sínú ẹja fún un láràárọ̀. Ó ní oṣù mẹ́fà ni, kí a má fo ọjọ́ kankan. Ẹ̀yìn ń dun Màmá, kò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ́, nítorí náà èmi ni iṣẹ́ náà já lé léjìká.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ni Vivian àti Joy, tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo imú nítorí òórùn oògùn bí mo bá ti wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn kan ń sọ pé ajá tó pẹ́ láyé tó báyìí kì í ṣe ojú lásán, kí Màmá lé e jáde. Àwọn yìí kan náà ló ń du ọmọ Ìfura mọ́ra wọn lọ́wọ́ nígbà tí ajá náà ṣì ń bímọ. Mo mọ̀ pé ìsọkúsọ ni, síbẹ̀ ojú ń tì mí.

Sátidé tí Bọ̀ọ̀dá Gbádé gbé kẹ́ẹ̀gì dé yẹn, ọjọ́ ìwẹ̀ Ìfura ni. Ọjọ́ náà ni Juliet, ọmọ kíláàsì wa, ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní Òde-Ayé. Ìwẹ̀ náà máa ń gba wákàtí kan, òórùn oògùn kì í sì í tètè kúrò lọ́wọ́. Mo wọ ọ̀rá sọ́wọ́, mo fi ọ́ìlì kun ajá náà láti orí dé ìrù. Kò bá mi jà. Nígbà tí Màmá bi mí pé kí ni dúdú yẹn, mo fẹnu sí i létí, mo ní dókítà ti pààrọ̀ oògùn. Ó dúpẹ́, ó sì gbàdúrà pé èmi náà á rí ẹni tọ́jú mi. Mo ṣe àmín, mo wọ bàtà mi, mo lọ jẹ ìrẹsì ọjọ́ ìbí.

Nígbà tí mo dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Ìfura dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ọsàn, ó ń gbọ̀n, ó ń bì. Ó ti ń lá ara rẹ̀ láti àárọ̀, ahọ́n rẹ̀ ti dúdú. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó ń fi gèlè rẹ̀ nu ẹnu fún un. Bọ̀ọ̀dá Gbádé gbé ife epo pupa dání, ó fẹ́ dà á sí i lọ́fun, nítorí lọ́dọ̀ wa, gbogbo ènìyàn gbà pé epo ń pa oró májèlé. Màmá ní kó gbé ife rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kó lọ gbé ọkọ̀ wá.

A bá Dókítà Aníwúrà níbi tó ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan tó gbé ewúrẹ́ àti adìẹ wá ṣì wà níta. Màmá kò bínú, ohun tí mo sọ fún un ló sọ.

"Dókítà, oògùn tuntun tí ẹ fún wa ni kò bá a lára mu."

Dókítà gbóòórùn ajá náà, ó wojú mi. Ó ní òun kò pààrọ̀ oògùn kankan.

Bọ̀ọ̀dá Gbádé, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì wá, wá gbé ohùn sókè. Ó ní oògùn dókítà ló fẹ́ pa ajá ìyá òun, pé òun á fẹjọ́ rẹ̀ sùn níbi tó yẹ. Àwọn tó wà níta bẹ̀rẹ̀ sí í wo obìnrin náà bí ẹni tó jalè. Bọ̀ọ̀dá sì ṣẹ́jú sí mi pé kí n panu mọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tèmi wà níbẹ̀, òun gan-an ló ń wọ́ orí ọmọ.

Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá dákẹ́, mo lè mú un jẹ. Ṣùgbọ́n dókítà tún bi mí pé kí ni mo fi pa á lára, àti láti ìgbà wo, nítorí bí òun kò bá mọ̀, òun lè fún un ní ohun tó máa pa á.

"Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, mà," ni mo wí. "Láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Bọ̀ọ̀dá Gbádé ló gbé e wá, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi kùn ún, èmi náà ni mo purọ́ mọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí."

Mo sún mọ́ Màmá, mo tún un sọ sí i létí. Ìyẹn ló nira jù.

Dókítà fi ọṣẹ wẹ Ìfura lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fa omi sí i lára. Ó ní bí a bá ti da epo pupa yẹn sí i lọ́fun, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ì bá gbà á. Ó ní kò ní kú, ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ ti fara gbá a. Ìtọ́jú tó kù oṣù mẹ́ta kó parí di ti gbogbo ìyókù ayé rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Gbádé rẹ́rìn-ín. Ó ní ajá ni, ó sì ti darúgbó. Màmá ti ń wo ètè rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Èmi náà ti darúgbó, Gbádégẹṣin," ó ní. "Oríkèé ń ro èmi náà, oògùn ni mò ń lò láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí ìtọ́jú mi bá sú yín, kí lẹ máa gbé wá fún mi nínú kẹ́ẹ̀gì?"

Bọ̀ọ̀dá yíjú, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ìfura ṣì wà láàyè. Mo ń wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, bí Vivian bá sì fẹ́ bo imú, kó bò ó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá fi ọ̀nà ẹ̀bùrú hàn yín nídìí ìtọ́jú ohun ẹlẹ́mìí, ẹ bi í pé ta ló máa jìyà bí kò bá yọrí sí rere, nítorí kì í ṣe òun. Ìtọ́jú tó bá gba oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́fà ló gbà. Ẹni tó bá sì ti ṣẹ̀, kó tètè sọ òótọ́ kí ẹlòmíì tó ru ẹ̀bi rẹ̀. Dókítà ti dárí jì mí, Màmá náà ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbé báàkẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀ sún mọ́ Ìfura, ó máa ń gbọ̀n.