Ta Ló Ní Kó O Dúpẹ́?

Ẹ̀ẹ̀kan là ń dúpẹ́ àná. Ẹni tí a ṣe lóore lánàá á jí lówùúrọ̀, á wá, á ní "Ẹ ṣé àná o," a ó ní "Kò tọ́pẹ́," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Ìlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, ó wá lọ́jọ́ kejì, mo ní kò tọ́pẹ́. Ó wá lọ́jọ́ kẹta, mo ní kò tọ́pẹ́, ẹ kú ìrìn. Nígbà tó tún yọ lọ́jọ́ kẹrin, tó dúró síbi kan náà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tó tún wí i gẹ́lẹ́ bó ṣe wí i lánàá, orí mi wú.

Dinah ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí, etí ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí ìlú ti fẹ́ tán. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé ẹnu mi mú, n kò sì ní sẹ́ ẹ. Bí mo bá sọ fún ọ pé orí rẹ ò pé, jókòó, oúnjẹ rẹ ń bọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ ìyá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín èpè àti ariwo. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ló wá ṣe láàárín àwa ènìyàn?

Nínú ọyẹ́ ọdún 1994 ni. Bẹntiróòlù wọ́n, ọkọ̀ ò tó, àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọn kì í fẹsẹ̀ rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin yìí bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ètè rẹ̀ ti là, aṣọ rẹ̀ sì ya láti èjìká dé ìbàdí. N kò bi í ní ilé, n kò bi í ní ọ̀nà. Mo fún un lómi. Mo gbé ẹ̀bà tí mo fẹ́ jẹ fún un. Mo gba aṣọ lọ́rùn rẹ̀, mo rán an. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe mí ní kàyéfì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Lákòókò ọyẹ́, ẹsẹ̀ gbogbo wa ló ń funfun fún eruku. Tirẹ̀ ń dán bí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Mo ní bóyá wọ́n fi ọkọ̀ gbé e dé ìtòsí ni.

Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní, "Màmá, kí ni kí n ṣe fún yín?"

"Fún èmi kẹ̀? Ẹ máa lọ jẹ́jẹ́ yín."

"Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí ẹ fẹ́."

"N ò fẹ́ nǹkan kan, bàbá. Ọ̀nà jìn."

Ó wò mí títí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Nílé wa, oore kì í wọlé kó má jáde. N ó máa tẹ́tí sí yín."

Mo rẹ́rìn-ín! Ẹ wo ìwà òmùgọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Láti ọjọ́ kejì ni "Ẹ ṣé àná o" ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ń yọ, àwọn adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí á gba gbogbo afẹ́fẹ́, nínú ọyẹ́ gan-an o! Bí mo bá wojú abẹ́rẹ́, tí mo tún gbójú sókè, kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Àlàbí ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ kàn. Ọmọkùnrin yẹn kò mọ̀ ju eré àsápajúdé lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá léèsì ìyàwó tuntun kan síta ni, ó fi eruku bò ó láti òkè délẹ̀. Mo pariwo lé e, mo ní, "Àlàbí, alùpùpù yẹn á kú mọ́ ọ lábẹ́!" Kò tíì dé ìkóríta tí alùpùpù náà fi kú. Mẹkáníìkì tú u palẹ̀, kò rí ohun tó ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àlejò mi dé, ó ní ẹ ṣé àná o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i tó rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Fọláṣadé ló tẹ̀ lé e. Ó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi, pákó lásán ló sì wà láàárín wa. Mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Láyé tó le báyìí, ta ní ń fún àlejò lóúnjẹ lásán? Dinah ń wá nǹkan. Ìràwọ̀ wọn ló ń gbà."

Ẹ gbọ́ ná! Èmi tí mo fi ebi sùn kí ẹlòmíràn lè jẹ! Inú bí mi, mo ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Mo ní, "Fọláṣadé, ẹnu tó o fi sọ ìyẹn á dí!"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbínú yẹn ò tíì lọ tí Kẹ́misọ́lá fi kó tirẹ̀ dé. Kẹ́misọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, ó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níhìn-ín. Ó ní òun ń lọ sí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ òun ní Iresi. Mo ní nínú ọ̀wọ́n epo yìí? Ó ní òun ti ṣèlérí. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ. Ó ní, "Màámi, mi kì í ṣe ọmọdé mọ́." Mo ní, "Máa lọ! Tó o bá ti lọ, má padà síbí mọ́!"

Ìyá wo ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí? Kó jáde síta ká rí i.

Kí n tó jí, Kẹ́mi ti lọ. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù Fọláṣadé. Eyín rẹ̀ ti wọnú ara wọn, ẹnu rẹ̀ kò là mọ́. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, èmi ló sì ń wò. N kò ronú kan Fọláṣadé, kí n má parọ́. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé, kí ni mo sọ fún Kẹ́mi lánàá?

Ọjọ́ Sọ́ńdè ló yẹ kó padà. Kò dé. Lọ́jọ́ kejì, Sànúsí tó ń wa takisí láti Iresi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ìyá Kẹ́mi, mo rí Kẹ́mi lójú ọ̀nà níbi igi ìrókò o. Ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, kò jìnnà mọ́." Mo sáré lọ gbé omi kaná. Omi náà hó, ó tutù. Kẹ́mi ò dé.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, Sísítà Bernice, olórí àwọn obìnrin ìjọ wa, fi ọkọ̀ ìjọ ti Ọ̀tan dé. Ó ní, "Ṣé Kẹ́mi ti wọlé? A rí i níbi gẹ̀rẹ́ òkè, ó gbé báàgì lérí."

"Níbo ni gẹ̀rẹ́ òkè?"

"Níbi igi ìrókò tí àrá sán pa."

Ibẹ̀ náà ni Sànúsí ti rí i. Ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ wá sílé mi kí ìrẹsì tó jinná. Mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, mo yọrí láti ojú fèrèsé, mo ń pe orúkọ rẹ̀. Igbó ni mo rí, àti eruku. Mo padà délé, obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ ní, "Ẹ̀yìn yín gan-an la ti rí i, ó ń bọ̀." Ó ń bọ̀! Ojoojúmọ́ ló ń bọ̀! Ẹni mélòó ló rí ọmọ mi pé ó ń bọ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ti jókòó de àlejò mi. Àwọn adìyẹ dákẹ́. Òórùn òjò yẹn dé.

"Ẹ ṣé àná o, Màmá."

"Ta ló ní kó o dúpẹ́?" N kò pè é ní ẹ mọ́. "Ta ló rán ọ? Mo fún ọ lómi, mo ti gbàgbé! Mo rán aṣọ rẹ, mo ti gbàgbé! Ìwọ lo kò jẹ́ kó parí. Gbé ọmọ mi fún mi!"

Ojú rẹ̀ fà ro, bí ojú ẹni tí wọ́n da ẹ̀bùn rẹ̀ nù. Ó rọra ní, "Ẹ ní ẹ ò fẹ́ nǹkan kan. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ni mo ṣe."

"Ariwo ni! Ṣé wọn kì í pariwo nílé yín?"

"Rárá. Ohun tí a bá sọ nílé wa, a fẹ́ ẹ ni."

"Ó dáa, mú un padà."

"Ohun tí mo bá fi san oore, ọwọ́ mi kò lè gbà á padà mọ́. Ọwọ́ ènìyàn ló lè gbà á." Ó súnmọ́ mi. Ìgbà kan ṣoṣo tó súnmọ́ mi láti ìgbà tó ti ń wá dúpẹ́ nìyẹn, otútù sì ń jáde lára rẹ̀. "N kò ṣe é kó le, Màmá. Alùpùpù yẹn, bí ẹnì kan bá bá a tì í, á ṣiṣẹ́. Obìnrin yẹn, bí ẹnì kan bá gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ á là. Ọmọ yín, kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, nítorí ẹ ní kó má padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dúró, tó gbé e, á délé. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà láràárọ̀ ni mo fi í sí. Mo rò pé kò ní pẹ́ ìṣẹ́jú kan. Mo rò pé gbogbo ìlú yín rí bíi yín."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí nítorí gbogbo wa.

"Èmi fúnra mi lọ," mo ní. "N kò rí i."

"Ọmọ tiyín nìkan lẹ wá lọ. Ẹ fẹsẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ rí, ẹ na ọwọ́ sí i."

Ó yí padà. N kò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ògì tí mo fẹ́ mu wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n fi ẹni tó wà nítòsí dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Mo wọ ọ̀dọ̀ Fọláṣadé, mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo fi ṣíbí kan eyín rẹ̀. Ẹnu là. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ni pé, "Ògì yìí kan jù." Èébú dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo bọ́ sójú ọ̀nà.

Mo pàdé Sànúsí níbi tó ti ń kó èrò. Mo ní, "Sànúsí, o rí ọmọ mi, o ò gbé e?"

"Ọkọ̀ mi kún, Ìyá Kẹ́mi."

"Bernice ńkọ́? Ọkọ̀ ìjọ náà kún?"

Bernice ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun rò pé Kẹ́mi ń nasẹ̀ ni. Pẹ̀lú báàgì lórí, nínú oòrùn, ó ń nasẹ̀! Mo rìn lọ, mò ń sunkún, mò ń bú wọn nínú ọkàn mi, nítorí ẹ̀rù ti bà mí láti fi ẹnu bú ènìyàn.

Nígbà tí mo dé gẹ̀rẹ́ òkè, bàbá arúgbó kan ń rìn bọ̀, ó ru ìdì igi. Ọkọ̀ kan kọjá lára rẹ̀, eruku bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo ara mi ń fẹ́ sáré kọjá lára rẹ̀ lọ wá ọmọ mi. Mo dúró. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbé e wá." Mo gba igi náà lérí rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù, kò sì wúwo rárá.

Ìgbà náà ni ojú mi là. Kẹ́mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ètè rẹ̀ ti là, ó na ọwọ́ síwájú. Mo gbá a mú. Ó ní, "Màámi, mo pè wọ́n títí, wọn ò dúró." Ó rò pé ọ̀sán ọjọ́ kan náà ló ṣì wà.

Ṣùgbọ́n Kẹ́mi kọ́ ló kẹ́yìn. Obìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó pọn ọmọ tí kò sunkún. Ọmọbìnrin kan wọ yúnífọ́ọ̀mù tí wọn kò wọ̀ mọ́ láti ìgbà tí èmi wà nílé-ìwé. Wọ́n pọ̀ dé ibi tí ojú mi kò tó mọ́. Wọ́n dojú kọ Ìlá, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀, wọn kò kúrò lójú kan. Gbogbo wọn na ọwọ́. Ọwọ́ méjì péré sì ni Ọlọ́run dá mọ́ mi.

Àwa mẹ́ta la jọ rìn wọ̀lú. Ní ẹ̀yìn ilé-ìwé míṣọ́n àtijọ́, bàbá náà gba igi rẹ̀ lérí mi, ó yà sí ọ̀nà tóóró kan. Kò wẹ̀yìn, kò ní ẹ ṣé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Inú àwókù ilé kan ló wọ̀, tí igi ti hù láàárín rẹ̀, tí kò sí òrùlé kankan lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Kẹ́mi gbá ọwọ́ mi mú. Òun náà gbọ́ ohùn obìnrin láti inú àwókù yẹn, ohùn ẹni tó ti ń retí tipẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

A gbọ́ tó sọ igi kalẹ̀.

"N kò rẹ́ni gbé mi."