Ta Ló Ṣẹ́ Etí Ìkòkò?

Àbúrò ń fi gọ́ọ̀mù lẹ etí ìkòkò àtijọ́ náà mọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì dúró ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ń wò ó, àmọ́ pẹ̀lú owú ni.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ìsinmi. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Rọra nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kìlọ̀ lọ́jọ́ náà pé a kì í mú ìkòkò àtijọ́ létí, abẹ́ ni à ń fọwọ́ méjèèjì gbé e. Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́. Báàjì afinimọ̀nà, ti ẹni tó ń mú àlejò káàkiri, tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi há àbúrò láyà ló ń wò. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan egungun.

Nígbà tí kò sẹ́ni nínú yàrá, ó ní kí òun gbé ìkòkò náà sínú àpótí gíláàsì, kí ọ̀gá lè mọ̀ pé ọmọ méjì ló wà nílé wọn. Etí ló mú gbé e. Etí sì kán sí i lọ́wọ́. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tí àbúrò rí i, ó bú sẹ́kún, ó ní gọ́ọ̀mù tí òun fi lẹ̀ ẹ́ ni kò mú. Ọ̀gá gba báàjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún ẹ̀gbọ́n. Inú ẹ̀gbọ́n dùn, àmọ́ adùn náà ò kọjá ètè, torí pé lálẹ́ àbúrò ò jẹun. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣe é dáadáa lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, àlejò kún yàrá, ẹ̀gbọ́n sì ń mú wọn káàkiri. Ìyá àgbà kan na ìka sí ìkòkò náà, ó béèrè ẹni tó ṣẹ́ ẹ létí. Àbúrò tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sorí kọ́.

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ìyá náà. "Èmi ni, mà. Etí ni mo mú gbé e. Àbúrò mi ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

Ó tú báàjì láyà ara rẹ̀, ó fi há àbúrò, ó sì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ò sọ pé kó rọra lọ́jọ́ náà. Ìgbálẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n dì mú títí ìsinmi fi parí.

Owú ni kò jẹ́ kó gbọ́ ẹ̀kọ́, owú náà ló sì jẹ́ kó gbé ẹ̀bi tirẹ̀ ru àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ń ṣọ́ báàjì ọmọ ẹlòmíràn kò ní mọ ìgbà tí iṣẹ́ tirẹ̀ máa kán sí i lọ́wọ́.