Ojú Ẹsẹ̀ Láti Ìdí Kùkùté

Ìwé tí mo kọ gbogbo ìwọ̀n inú ọ̀rọ̀ yìí sí ṣì wà nínú àpótí mi. Ìmọ̀ ewéko ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní yunifásítì, n kì í sì í kọ ohun tí n kò bá fi ojú rí tàbí fi téèpù wọ̀n. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́. Ó wu èmi gan-an pé kó jẹ́ irọ́.

Oṣù kẹfà ọdún 1998 ni. Mo kó ọmọ Síkáòtù mọ́kànlá lọ sí igbó kan ní agbègbè Savo, ní apá àríwá ayé lọ́hùn-ún, lẹ́bàá adágún, láti la ọ̀nà tí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rin inú igbó yóò máa gbà. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. A ṣán igbó, a yọ gbòǹgbò, a sì da lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń tú jáde sí ojú ọ̀nà kí ilẹ̀ lè rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó fi réèkì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀ lásìkò yẹn. Oòrùn kàn máa ń rẹlẹ̀, yóò sì tún gòkè.

Ilé kan ṣoṣo ni ọ̀nà wa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tauno Heiskanen ló ń dá gbé ibẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí ìbàdí tó ń dùn ún kì í jẹ́ kó rìn kọjá ẹnu ọ̀nà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó pè mí.

"Irja, igi páìnì kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ti gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i lára."

"Mo ti rí i, Bàbá. I. H., 1925."

"Àbúrò mi ni. Ọjọ́ tí à ń gbé e lọ sin ni wọ́n sàmì sí i. Òkú kì í kọjá igi tirẹ̀ padà wá sílé. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"A ò ní fọwọ́ kàn án."

Mo sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tu àgbàlagbà lójú. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọwọ́ gbá igi náà lára, mo pinnu pé inú rẹ̀ ti jẹrà, pé ó lè wó lu èèyàn. Mo ní kí wọ́n gé e. Nígbà tó ṣubú, mo wo ibi tí ayùn gbà. Ó le koko. Kò sí ìjẹrà kankan.

Venla, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló máa ń gbé ọbẹ̀ ọ̀sán lọ fún Tauno.

"Àǹtí, Bàbá bi mí bóyá igi yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó ní tó bá wó, òun á ní kí ọmọ àbúrò òun obìnrin wá mú òun lọ sí ìlú Kuopio lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ni kí n sọ?"

"Sọ pé ó wà."

"Irọ́ nìyẹn, Àǹtí."

"Kùkùté rẹ̀ wà."

Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ náà. Ó lọ sọ bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Oskari, àgbà nínú àwọn ọmọ náà, wá pè mí. Ojú ẹsẹ̀ ló fẹ́ kí n wá wò, lórí lẹ́búlẹ́bú tí a ti tẹ́. Ẹsẹ̀ lásán ni, kò wọ bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kùkùté, ó kọjú sí ilé Tauno, ó rin mítà mọ́kànlélógójì, ó sì dúró. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí èyí tó padà.

"Ta ló bọ́ bàtà?" mo bi wọ́n.

"Ẹ wo tèmi," Oskari wí. "Bí ọkọ̀ ojú omi ló rí."

"Ọkọ̀ ojú omi kì í rùn tó yẹn," Venla dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wọn ojú ẹsẹ̀ náà: sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógún. Mo wọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí tirẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni mo ṣàkíyèsí ẹ̀fọn. Láti ọjọ́ tí a ti dé ni wọ́n ti ń jẹ wá. Níbi tí ẹsẹ̀ náà dúró sí, kò sí ẹyọ kan. Ẹyẹ kò ké. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

A fi réèkì pa á rẹ́. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kùkùté mọ́. Ibi tó dúró sí lánàá ló ti gbéra. Mítà méjìdínlọ́gọ́rin sí ìdí kùkùté. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Láti ibẹ̀, èèyàn ti lè rí fèrèsé Tauno.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sọ fún Bàbá," Venla wí.

"Ká sọ kí ni? Pé ọmọ kan ń ṣeré?"

"Pé a gé igi rẹ̀."

"Ó di ọ̀la."

Mo fẹ́ ní àlàyé lọ́wọ́ kí n tó la ẹnu. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú ẹsẹ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà Tauno.

Venla gbé abọ́ ọbẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Mi ò lọ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kí n purọ́."

Mo lọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Tauno jókòó nídìí tábìlì.

"Bàbá, a gé igi yẹn. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Èmi náà ni mo ní kí ọmọ yẹn purọ́ fún yín."

"Mo mọ̀."

Kò wò mí. Àga òdìkejì ló ń wò. Ẹnìkan ti fà á jáde kúrò lábẹ́ tábìlì. Lẹ́búlẹ́bú igi wà nílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí rẹ̀. Omi wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wo òkè àjà. Kò jò. Òjò kò sì rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà," Tauno wí, "Ilmari jẹ́ mẹ́fà. Yìnyín tó bo ojú adágún já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó jábọ́ sínú omi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí pé èmi náà á kó sómi. Mo jù ú sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ní ọwọ́ rẹ̀ ló yọ̀."

"Ṣé kí n pe Kuopio, Bàbá?"

"Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá ti sá. Ní báyìí, ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún?"

"Kí ló ń sọ?"

"Kò tíì sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí ni." Ó na ọwọ́ sí mi, láìyí ojú padà. "Jókòó tì mí, Irja. Kó tó sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ dá gbọ́ ọ."

Mo ní àwọn ọmọ ń dúró dè mí. Mo ní iṣẹ́ ṣì kù. Mo gbé ọbẹ̀ náà sórí tábìlì, mo sì jáde.

Mo ti dé àgbàlá kí n tó gbọ́ ohùn Tauno láti inú ilé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè. "Èmi ni."

N kò gbọ́ ìbéèrè náà. N kò sì wẹ̀yìn.