Ara Re Ti Ko Arun

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Mo fi orí mi búra. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi orí sílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní. Mo fi bàtà mi méjèèjì búra. Ohun tó kàn da ọ̀rọ̀ náà rú díẹ̀ ni pé ọdún tó ṣẹlẹ̀ kò tíì dé. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dá mi lójú.

Ní ọdún náà, Yorùbá ti kọ́ ìlú sórí òṣùpá. Abẹ́dígí ni wọ́n ń pè é, torí pé abẹ́ dígí ńlá kan ni gbogbo ilé wà. Dígí yìí ló ń sé afẹ́fẹ́ mọ́lé kó má bàa sá lọ. Ní àárín ìlú, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ Atúdìí-ẹ̀jẹ̀. O máa ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á gún ọ bí ẹ̀fọn, kí o tó mí lẹ́ẹ̀mejì á pọ ìwé pélébé kan jáde. Ìwé yìí ló ń sọ bóyá àtọ̀sí, tàbí irú àrùn mìíràn tí èèyàn ń kó nídìí ìbálòpọ̀, wà lára rẹ.

Dókítà Ṣóẹ̀tán ló ṣe ẹ̀rọ náà, obìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí iná. Kí ẹ̀rọ lè yá, ó yọ gbogbo àmì kúrò nínú ohun tó ń kọ, ti orí lẹ́tà àti ti abẹ́ lẹ́tà.

"Àmì ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn," ló sọ nípàdé ìlú.

Bàbá Olúgbodi, tó ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, fò dìde. "Ṣóẹ̀tán, ta ló ń lé ẹ̀rọ rẹ bọ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, á yé e."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá jókòó, ó ń mi orí.

Ọ̀rọ̀ wá kan Láníhùn. Wẹ́dà ni, òun ló ń jó irin tó di dígí ìlú mú. Òun àti Fadérera, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé omi, sùn pọ̀. Wọ́n lo rọ́bà ìdáàbòbò. Rọ́bà ò bẹ́, kò sì yọ. Láníhùn tiẹ̀ bu omi sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gbé e sókè, ó ń wò ó bóyá á jò. Omi kì í tètè kán lórí òṣùpá, nítorí náà wákàtí kan gbáko ló fi na apá sókè, tí ejìká ń ro ó. Kò sí ẹ̀kán kan.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí ó bá tọ̀, á ní ó ta òun. Bí itan bá yún un, á sáré bọ́ ṣòkòtò wò. Wọ́n ti sọ fún ìlú pé kí èèyàn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ òótọ́. Ó ń ka ọjọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tó pé, ó ti ìka bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Ìwé jáde:

ARA RE TI KO ARUN.

Ara rẹ ti kó àrùn! Bó ṣe kà á nìyẹn. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó di ìwé náà mú, ó forí lé ilé omi.

"Fadérera! Jáde síta! O ti pa mí!"

Fadérera jáde, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Kí lo jẹ tó ń pa ọ́?"

"Àrùn lo kó ràn mí!"

"Èmi? Pẹ̀lú rọ́bà tí o gbé sókè tí ò ń wò bí ẹni ń wo oṣù?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé omi bú sẹ́rìn-ín.

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Ta ló mú ẹnu gbàgà wá síbi iṣẹ́ mi? Ọ̀dẹ̀! Èmi tí mo ń tọ́jú ara mi torí ọmọ tí mo fẹ́ bí. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ọjọ́ tí ọkọ mi àtijọ́ wọ ọkọ̀ padà sílé ayé, ni mo ti lọ yẹ ara mi wò. Dúró níbẹ̀!"

Ó wọlé lọ, ó sì mú ìwé tirẹ̀ jáde. "Kà á fáwọn èèyàn yìí. Ara rẹ ti kọ àrùn. Ó kọ̀ ọ́! Bí mo ṣe kọ ìwọ náà lónìí."

Láníhùn na ìwé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Fadérera. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Lẹ́tà kan náà ló wà nínú ìwé méjèèjì.

Fadérera ní kí wọ́n mú Bàbá Olúgbodi dání, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì já wọ iyàrá Dókítà láìkanlẹ̀kùn.

"Dókítà," ni Fadérera wí, "bí ara bá mọ́, kí ni ẹ̀rọ yín ń kọ?"

"Ara rẹ ti kọ àrùn."

"Bí kò bá mọ́ ńkọ́?"

"Ara rẹ ti kó àrùn." Ó sọ ọ́ tán kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ.

Bàbá ti bébà sí i. "Kọ méjèèjì bí ẹ̀rọ rẹ ṣe ń kọ ọ́."

Ó kọ èkíní. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí èkejì.

"Parí ẹ̀. Àbí àmì ló tún fà ọ́ sẹ́yìn?"

"Bàbá, mo fẹ́ kó dùn létí ni. 'Kò sí àrùn' kò ní adùn."

"Adùn!" Bàbá gbá tábìlì. "Àwọn èèyàn ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọn fún ọ, ìwọ ń wá adùn! Ìwé mélòó ló ti jáde?"

"Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, sà."

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ti ka kó, ó ti lọ gbé oògùn mì lásán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ti ka kọ̀, ó ti lọ sílé rẹ̀ láìgba oògùn kankan. Ẹ̀rọ kì í sì í tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni pa mọ́ kí wọ́n lè tún un yẹ̀ wò.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Dókítà fi dá àmì padà.

Láníhùn kọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́. Ara rẹ ti kọ àrùn. Rọ́bà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀; lásán ni ọ̀sẹ̀ méjì tó fi joró. Fadérera ti ìka bọ̀ ọ́ tẹ̀lé e. Ara rẹ ti kó àrùn.

Àtọ̀sí ni, ti ọkọ àtijọ́. Ó lè gbé inú obìnrin pẹ́ láìta á. Oògùn díẹ̀ ìbá ti lé e lọ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Dókítà yẹ inú rẹ̀ wò. "Oògùn á lé àrùn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ ń gbà ti dí lápá méjèèjì. N kò ní ẹ̀rọ tó lè ṣí i."

"Ẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni Fadérera wí. "Ẹ ní in látìgbà yẹn!"

Láníhùn jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó má bínú.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Ibi tí mo ti parọ́ nìyẹn. Láníhùn kò jókòó. Bí ó ti rí "kọ̀" lórí ìwé tirẹ̀, ó fi ẹnu ko ìwé náà, ó fò sókè, ó sì ti jáde kí ẹ̀rọ tó gún Fadérera níka. Títí dòní kò béèrè ohun tí ìwé Fadérera sọ. Èmi ni mo fi tipátipá mú un jókòó, torí inú ń bí mi sí i.