Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Pákó

Ìdánwò Ìṣirò ni a ń ṣe lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé. Ọ̀gá Philip, olùkọ́ wa, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó rọra gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ní kí n tẹ̀lé òun síta. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ayùn tuntun Bàámi ti gé e ní itan, àti pé ẹ̀jẹ̀ kò dá títí tó fi kú lójú ọ̀nà ọsibítù. N kò bi í léèrè ohun tó fà á. Mo mọ̀ ọ́n.

Káfíńtà ni Bàámi, ní Kábbà níbí. Ogún ọdún ló fi ayùn ọwọ́ la pákó kí ó tó ra ayùn oníná ní Lọ́kọ́ja. Orí itan rẹ̀ ló gbé páálí rẹ̀ lé títí ọkọ̀ fi dé ilé. Nígbà tó tan jẹnẹrétọ̀, tó sì la ìrókò kan já kí Màámi tó pọn omi kún korobá, ó pa ayùn náà, ó dúró, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń kọjá, tó bá kí i ní "Okun o", bí a ṣe ń kí ara wa níbí, yóò pè é wọlé wá wò ó. Màámi ní òun ti rí orogún òun báyìí. Bàámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Pákó àlòkù ló máa ń lò jù, èyí tí wọ́n tú lára ilé àtijọ́. Ìṣó máa ń fara pamọ́ sínú wọn. Bí ayùn ọwọ́ bá kan ìṣó, ọwọ́ á gbọ́, á dúró. Ayùn oníná kì í dúró. Nítorí náà ó yọ òòfà lára rédíò tó ti bàjẹ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kí n fi tọ ara pákó kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, kí n yọ gbogbo ìṣó tó bá fà á mọ́ra, kí n tó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

"Ìdùnnú," ó ní, "bí mo bá ti rí àmì rẹ, n kò tún ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ojú rẹ ni mo fi ń ríran."

Ní Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, pákó mọ́kànlá dé láti Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀. Mo ti yẹ mẹ́jọ wò nígbà tí ọ̀rẹ́ mi, Juliet, yọjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé fóònù tuntun dé láti Àbújá, gbogbo ẹgbẹ́ wa sì ń ya fọ́tò nílé wọn.

"Ṣé ìwọ àti pákó lẹ fẹ́ ṣègbéyàwó ni?" ó ní. "Fa ṣọ́ọ̀kì sí i kí á máa lọ, jàre. Ta ni yóò mọ̀?"

Mo wo mẹ́ta tó kù. Mo sàmì sí wọn, mo sì tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo padà dé, Bàámi ti tò wọ́n jọ. Ó yìn mí pé ọwọ́ mi ti yá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú tì mí. Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún ní ó di ọ̀la. Ọ̀la náà ni ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ìdánwò. Ìṣó gígùn kan wà láàárín ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà. Ayùn kọlù ú, ó sì ta padà.

Níbi ìsìnkú, àwọn kan ní ẹ̀rọ náà ló burú. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ aráyé ni. Aráyé kọ́. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún Màámi.

"O ò bá ti sọ fún un," ló wí. "Kì bá tí bínú sí ọ."

Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò rìn ju ọjọ́ méjì lọ. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé àmì ọwọ́ wa, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi lé wa lọ́wọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, mo lọ sí ìsọ̀ Bàámi. Pákó méjì tó kù nínú àwọn mẹ́ta náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì mi. Mo fi àkísà tútù nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò. Mo mú òòfà, mo fi tọ èkíní láti orí dé ìdí. Mo tọ èkejì. Nítòsí ìdí rẹ̀, òòfà náà lẹ̀ mọ́ ọn. Mo jókòó sílẹ̀, mo yọ ìṣó náà. Lẹ́yìn náà ni mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo sàmì sí wọn.